Ọgbọ́n Ìsinmi nínú Kọ̀ǹpútà XO: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Ní ọdún 2007 ni XO, kọ̀ǹpútà alágbèéká kékeré ti àjọ One Laptop per Child, dé ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Galadima ní Àbújá. Eré prọ́sẹ́sọ̀ rẹ̀, AMD Geode, kò ju 433 MHz lọ. Ẹni tí ó bá fi iye yìí nìkan díwọ̀n rẹ̀ ti ṣìnà. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé prọ́sẹ́sọ̀ náà lè sùn pátápátá kí ojú ẹ̀rọ ṣì máa tàn: akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé lọ, bátìrì kò tètè tán. Bí iná bá lọ lẹ́nu ẹ̀kọ́ ní Odo-Ape, lágbègbè Kàbbà, eré wo ló tó èyí? Síbẹ̀, àbùkù rẹ̀ kò kéré. Bí ẹ̀rọ bá sùn tí kò jí, iṣẹ́ tí ọmọ kò tíì tọ́jú ti sọnù. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ pa ìsinmi aládàáṣe náà. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń dákú, ẹ̀bi wà níbòmíràn.