Ọlẹ̀ Sọ Lójú Òkun Yìnyín: Lámèyítọ́ Ìwé The Quickening

Àkọlé ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ bá wọ̀yá ìjà. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, quickening ní ìtumọ̀ méjì: kí nǹkan máa yára sí i, àti ìgbà àkọ́kọ́ tí aboyún mọ̀ ọ́n lára pé ọmọ inú òun mira. Èmi kò rí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan tó kó méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n a ní èyí tó bá ìkejì mu gẹ́lẹ́: ọlẹ̀ sọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ ìtàn Màríà àti Èlísábẹ́tì nínú ìwé Lúùkù yóò mọ̀ ọ́n. Ó sì wá bọ́ sí i pé Elizabeth ni orúkọ ẹni tó kọ ìwé náà. Elizabeth Rush ni, ará Amẹ́ríkà, ọdún 2023 sì ni ìwé rẹ̀ jáde.

Ohun tó ń yára nínú ìwé náà ni yìnyín. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, ènìyàn 57 wọ ọkọ̀ Nathaniel B. Palmer ní Punta Arenas, ní ìhà gúúsù pátápátá orílẹ̀-èdè Chile. Ọkọ̀ tí ń fọ́ yìnyín ni: imú rẹ̀ á gun orí omi dídì, ìwúwo rẹ̀ á sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Thwaites ni wọ́n ń lọ, yìnyín kan ní Antarctica tó tóbi tó erékùṣù Britain, tó ń wọ́ lọ sínú òkun díẹ̀díẹ̀ bí ògì tó ki. Bí yìnyín inú kọ́ọ̀pù bá yọ́, omi inú kọ́ọ̀pù kì í kún sí i. Ṣùgbọ́n orí ilẹ̀ ni Thwaites jókòó sí, ilẹ̀ náà sì rẹlẹ̀ ju ojú òkun lọ, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ láti ìsàlẹ̀ òkun sì ń wọ abẹ́ rẹ̀ lọ jẹ ẹ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ, òkun ayé yóò fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 65 ga sí i. Ìyẹn ti kọjá orúnkún àgbàlagbà.

Ayétòrò, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ni wọ́n ti bí ìyá ìyá mi. Àwọn onígbàgbọ́ tí wọ́n jọ ń kó owó àti iṣẹ́ wọn pọ̀ ló tẹ ìlú náà dó ní 1947. Lónìí òkun ti gba ilé àti ọ̀nà púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá àgbà kó kúrò nínú ilé. Mo mọ̀ pé kì í ṣe yìnyín nìkan ló fà á, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀, àwọn onímọ̀ sì tún ń tọ́ka sí iṣẹ́ epo. Síbẹ̀, ojú ọmọ ọmọ rẹ̀ ni mo fi ka ìwé yìí, n kò lè ya ojú ẹlòmíràn lò.

Ohun tí Rush ṣe dáradára jù ni pé kò jẹ́ kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì nìkan gba ẹnu sọ̀rọ̀. Nínú ìtàn ìrìn-àjò tí mo ti kà, akọni ni a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀. Àwọn tí Fágúnwà rán lọ sí Òkè Lángbòdó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, ọkùnrin ni gbogbo wọn, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹ̀bùn tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìtàn àwọn tó kọ́kọ́ dé Antarctica. Ìjọba Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ jẹ́ kí àwọn obìnrin tirẹ̀ lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀ títí di 1969. Ṣùgbọ́n nínú ọkọ̀ ti Rush, alásè ń sọ̀rọ̀, atukọ̀ ń sọ̀rọ̀, obìnrin tó ń yẹ ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun wò náà ń sọ̀rọ̀. Ó bi wọ́n léèrè báwo ni ìyá wọn ṣe bí wọn. Ìbéèrè tó yani lẹ́nu ni láti bi ènìyàn láàrin òkun, ìdáhùn rẹ̀ sì ni mo kà tí n kò fẹ́ gbé ìwé sílẹ̀.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Wọ́n lẹ ohun èlò kékeré mọ́ orí séálì, kí ẹranko náà lè máa bá wọn wọn bí omi ṣe gbóná sí àti bó ṣe níyọ̀ sí nígbàkígbà tó bá rì wọ ìsàlẹ̀. Wọ́n rán ẹ̀rọ kan tí kò ní ènìyàn nínú, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ran, lọ sí abẹ́ yìnyín. Rush kò fi pamọ́ pé ìdúró pọ̀ ju iṣẹ́ lọ. Ara ẹnìkan kò yá, ọkọ̀ ní láti yà kúrò lọ́nà. Wọ́n tilẹ̀ fi tẹníìsì orí tábìlì ṣe ìdíje. Mo fẹ́ràn èyí ju ìtàn ìgbì òkun lọ, nítorí mo gbà á gbọ́.

Ibi tí ó ti sú mi ni àwọn ojú ìwé tó kọ bí eré orí ìtàgé. Orúkọ á jáde, ọ̀rọ̀ díẹ̀ á tẹ̀ lé e, orúkọ mìíràn á tún jáde. Kò pẹ́ tí n kò mọ ta ló ń sọ kí ni mọ́. Mo ní láti kọ orúkọ wọn sínú ìwé àjákọ mi. Eré tí ènìyàn ń ka orúkọ òṣèré rẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀ kò tíì dùn tó.

Ọ̀rọ̀ gidi tó wà nídìí ìwé náà wá ni pé, ṣé ó tọ́ kí ènìyàn bímọ sí ayé tó ń gbóná yìí? Òfin ìrìn-àjò náà kò gba aboyún láàyè láti bá wọn lọ sí Antarctica, nítorí náà Rush tó ń wá ọmọ ní láti dá a dúró títí wọn yóò fi dé. Nílé tiwa, ẹnikẹ́ni kì í béèrè bóyá kí ìyàwó bímọ, bí ó bá pẹ́ ni wọ́n ń béèrè. Ìyá àgbà bí ọmọ mẹ́fà létí òkun tó ń jẹ ilẹ̀, kò sì bi òkun léèrè. Èyí ni mo fi rò pé ìbéèrè Rush jẹ́ ti ẹni tí ilé rẹ̀ ṣì dúró. Ọ̀la ni ó ń bẹ̀rù, àná ló sì ti dé bá Ayétòrò. Ó sì mọ irú wa: ìwé rẹ̀ Rising, ti 2018, dá lórí àwọn ará Amẹ́ríkà tí omi ń lé kúrò nílé. Ó dùn mí pé ohùn wọn kò fi bẹ́ẹ̀ wọ ọkọ̀ yìí.

Ṣùgbọ́n n kò ní rẹ́ ẹ jẹ. Rush kọ ìṣirò àwọn tí ń ka ọmọ ìkókó mọ́ èéfín, bí ẹni pé ìyá ni kó san gbèsè àwọn tó ń ta epo. Nígbà tó padà délé, ó lóyún, ó sì bímọ. Mo sọ èyí fún ìyá àgbà lórí fóònù. Ó ní, "Ó ṣeun. Kí ni wọ́n sọ ọmọ náà?"

Láàrin ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n lò níwájú Thwaites, apá kan yìnyín náà fọ́ wẹ́wẹ́. Rush kò pariwo níbẹ̀, ojú ìwé wọ̀nyẹn ló sì dára jù nínú gbogbo rẹ̀. Ní 2024, lẹ́yìn tí ìwé ti jáde, ẹ̀rọ Ran wọ abẹ́ yìnyín mìíràn tó ń jẹ́ Dotson, kò sì padà mọ́.

Olùkọ́ Jọ́gíráfì wa ló ni ẹ̀dà tí mo kà. Kíláàsì SS1 lè kà á, bí wọ́n bá ní ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kí wọ́n má ṣe fo ìtàn ìbí alásè.