Ọkùnrin tí ó Ta Ikú Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá gbọ́ pé ìwé kan kún fún iwin àti ẹ̀rín, ẹ má ṣe yára pè é ní ìwé ìranù. Èmi pè é bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo jẹ́ olùkọ́ kékeré ní agbègbè Lálùpọn yìí, mo gba The Palm-Wine Drinkard lọ́wọ́ ọmọ kan tí ó ń dá rẹ́rìn-ín nínú kíláàsì, mo sì tì í mọ́ inú àpótí. Gẹ̀ẹ́sì ibẹ̀ kò gún. Mo ní yóò ba ti ọmọ náà jẹ́.

Amos Tútùọlá, ọmọ Abẹ́òkúta, ni ó kọ ọ́, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1952. Bí àwọn òyìnbó kan ti ń yìn ín ni ojú ń ti ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ilé wa.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ìṣirò ọkùnrin yìí. Agbè ẹmu 150 ni ọ̀mùtí rẹ̀ ń mu láti òwúrọ̀, 75 mìíràn ní ìrọ̀lẹ́. Àsọdùn ni, ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará oko mọ̀ pé òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ náà ni adẹ́mu ń gun ọ̀pẹ. Iye ni ó bù kún, kò yí iṣẹ́ padà.

Adẹ́mu yìí já láti orí ọ̀pẹ, ó kú, ọ̀gá rẹ̀ sì wá a lọ sí ìlú àwọn òkú. Ní ojú ọ̀nà, kí òun àti ìyàwó rẹ̀ tó wọ inú igi funfun ńlá kan, wọ́n ta ikú wọn ní £70, ṣílè 18 àti kọ́bọ̀ 6. Wọ́n sì fi ẹ̀rù wọn yá ẹlòmíràn, kí ó máa san èlé £3 àti ṣílè 10 lóṣooṣù. Ta ni kọ́bọ̀ mẹ́fà yẹn kò ní pa lẹ́rìn-ín? Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gba ẹ̀rù wọn padà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra ikú kọ̀, ó ní òun ti sanwó. Nítorí náà, wọn kò lè kú mọ́, síbẹ̀ ẹ̀rù ń bà wọ́n. Òfin ọjà ni Tútùọlá fi de igbó iwin rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀rín sì ti ń wá.

Fágúnwà ti la irú ọ̀nà yìí ní 1938, ṣùgbọ́n olùkọ́ ni, a máa dúró gba òǹkàwé ní ìyànjú. Tútùọlá kì í dúró. Nígbà mìíràn ewu a máa gorí ewu títí yóò fi sú ni, n kò ní purọ́ fún yín.

Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti kà á ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìwé inú àpótí náà ni. Ọmọ yẹn kò padà wá béèrè rẹ̀.