Àwọn Obìnrin Mẹ́ta Inú Macbeth: Ṣé Àjẹ́ Ni Wọ́n?

Kí n tó dárúkọ àwọn tí mo fẹ́ dárúkọ, mo fọwọ́ kanlẹ̀, mo júbà ẹ̀yin ìyá. Àwọn àgbà awo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ̀yin olùwádìí, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ wọn nìyẹn.

Àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ṣẹ́ fíìmù ló gbé ọ̀rọ̀ náà wá sílé mi. Wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù àdánwò kan, oníṣẹ́jú méjìlá péré, láti inú Macbeth, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bíi 1606. Wọn ò fẹ́ ogun, wọn ò fẹ́ ààfin. Àwọn obìnrin mẹ́ta tó pàdé Macbeth lójú ọ̀nà nìkan ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní àwọn máa sọ wọ́n di àjẹ́ tiwa: òru, igi ìrókò, ẹyẹ, ẹnu tó pọ́n fún ẹ̀jẹ̀. "Bàbá, ẹ bá wa wá ẹsẹ Ifá kan tó máa bá a mu." Mo ní kí wọ́n jókòó ná.

Ẹ jẹ́ ká wo ìwé náà fúnra rẹ̀. Nínú ìtẹ̀jáde 1623, "weyward sisters" ni àwọn obìnrin yìí ń pe ara wọn. Inú "wyrd", ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, lorúkọ náà ti ṣẹ̀ wá, àyànmọ́ ló sì túmọ̀ sí. Ọ̀dọ̀ Holinshed, òpìtàn kan, ni Shakespeare ti rí ìtàn náà. Ìwé Holinshed tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ní 1577 ní àwòrán wọn nínú: obìnrin mẹ́ta tó múra bí ìyàwó ìjòyè. Ó ní àwọn kan tilẹ̀ gbà wọ́n sí òrìṣà tó ń pín àyànmọ́.

Ta ló wá wọ̀ wọ́n ní àkísà? Shakespeare fúnra rẹ̀ dá kún un. Òun ló gbé ìkòkò àti ọ̀pọ̀lọ́ lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àsìkò náà gan-an le. James tó jọba ní Scotland, tó sì gorí ìtẹ́ England ní 1603, ti kọ ìwé odindi lórí àjẹ́ ní 1597. Wọ́n ń pa obìnrin nídìí ọ̀rọ̀ yìí lóòótọ́, kì í ṣe lórí ìtàgé. Àjẹ́ tí James ń wí, ẹni tó bá Èṣù ti Bíbélì mulẹ̀ ni. (Èyí kì í ṣe Èṣù tiwa, ṣé ẹ rí i pé àìdáa ìtumọ̀ kò bẹ̀rẹ̀ lónìí.) Ẹni tó bá gbọ́ Ọ̀sá Méjì dáadáa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ti Ìyàmi: ọ̀dọ̀ Olódùmarè ni agbára wọn ti wá, wọ́n lè fi ṣe rere, wọ́n lè fi ṣe ibi. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Kétu fi ń jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ fún wọn. Wọ́n ń gẹ̀ wọ́n ni, wọn kì í lé wọn.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí. Àwọn obìnrin mẹ́ta yẹn sọ fún Macbeth pé yóò jọba, wọ́n sì pòórá. Akápò wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀? Bí Ifá bá fọ ire ọba, a ó bèèrè ohun tí a ó fi rúbọ. A ó bèèrè bóyá ibi kan sá pamọ́ sẹ́yìn ire náà. A ó sì sọ ohun tí ẹni náà kò gbọdọ̀ dán wò. Àwọn kò sọ, Macbeth náà kò bèèrè. Banquo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tilẹ̀ fura. Macbeth fọwọ́ ara rẹ̀ yára ìpín, ó pa ọba tó sùn sílé rẹ̀. Nígbà tó padà lọ bá wọn, wọ́n sọ àdììtú ọ̀rọ̀ fún un, ó sì tú u bó ṣe wù ú. Bí ẹ bá wá sọ wọ́n di afẹ̀jẹ̀mu, ẹ ti gba ọ̀bẹ kúrò lọ́wọ́ Macbeth nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè mọ́.

Àwọn tó ti ṣe é ṣáájú kò rí bákan náà. Kurosawa, ará Japan, nínú fíìmù rẹ̀ ti 1957, sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta di ẹ̀mí kan ṣoṣo tó jókòó sínú ahéré nínú igbó, tó ń ran òwú. Kò pariwo rárá. Bẹ́ẹ̀, kò sí èyí tó bà mí lẹ́rù tó o, nítorí mo mọ ìyá àgbà tó ń ran òwú. Joel Coen ní 2021 fi gbogbo wọn lé Kathryn Hunter nìkan lọ́wọ́; ó dúró létí omi, òjìji méjì yọ nínú omi náà. Ẹ̀tàn tó mọ́gbọ́n wá ni.

Ti Orson Welles ló kàn wá jù. Ní April 1936, ní Harlem, ó gbé eré náà lọ sí erékùṣù kan tó jọ Haiti, ó sì fi àwọn olóòṣà vodun rọ́pò àwọn obìnrin náà. Asadata Dafora, ọmọ Sierra Leone, ló kó àwọn onílù wá. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ló kù lára rẹ̀, nínú fíìmù We Work Again ti 1937. Àwọn òṣèré adúláwọ̀ yẹn gbayì, n kò lè jiyàn. Ṣùgbọ́n vodun yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn Fọn aládùúgbò wa ló ti ṣẹ̀, àwọn tó ń pe Ifá ní Fá, wọ́n sì sọ ọ́ di ohun tí a fi ń dẹ́rù ba ará ìta. Maya Deren, òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú fíìmù àdánwò, lọ sí Haiti ní 1947 láti ya ijó. Nígbà tó rí ohun tó rí, ó jẹ́wọ́ nínú ìwé rẹ̀ ti 1953 pé òun kò lè gé e kù bó ṣe wu òun. Kò parí fíìmù náà títí ó fi kú ní 1961. Mo bọ̀wọ̀ fún àìparí yẹn.

Nílé níbí, Ògúndé gbé Aiyé jáde ní 1979. Nínú tirẹ̀, awo ní iṣẹ́ tó ń ṣe, ìlú sì ní ohun tó ń gbèjà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀ lé e mú ẹyẹ àti ẹ̀jẹ̀ nìkan. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, opó tó ń ta àgbo, kò bímọ. Lẹ́yìn tí wọ́n wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀ ládùúgbò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í ké bí ẹyẹ lẹ́yìn rẹ̀. Láàárín oṣù kan, wọ́n ti sọ òkò sí fèrèsé rẹ̀. Ilé wa ló kú sí, kò padà sílé ara rẹ̀ mọ́.

Mo sọ èyí fún àwọn ọ̀dọ́ náà. Mo ní kí wọ́n wọ̀ wọ́n láṣọ ìyàwó ìjòyè bíi ti 1577, kí kámẹ́rà sì dúró sórí ọwọ́ Macbeth láti ìgbà tí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán. Ẹsẹ Ifá kọ́, n kò fún wọn. Méjì gbà. Ẹ̀kẹta, obìnrin ni, ní bí kò bá ti sí ẹyẹ, ta ló máa wò ó? Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ láti tún jiyàn, mo sì ti sọ fún àwọn ará ilé kí wọ́n se iyán.