Láàrin "Àánú Ṣe Mí" àti "Mo Ṣàánú": Lámèyítọ́ Kékeré Lórí Eré Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Olóòtú ní kí n kọ lámèyítọ́ ìwé ewì kan, mo sì ti dé ìdajì rẹ̀ kí ọdún Àjíǹde tó wọlé. Eré kan tí mo wò ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Ṣáṣá ni kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Kí olóòtú má bínú. Eré yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, torí pé láti ọjọ́ náà, gbogbo ìgbà tí mo bá gbé bírò, òun náà ni mò ń rí.

Ẹni tó bá mọ Ṣáṣá, láti Àkọwọ́njọ wọlé, mọ̀ pé ṣọ́ọ̀ṣì ò wọ́n wa. Òmíràn wà lókè ṣọ́ọ̀bù, òmíràn wà lẹ́yìn ilé aláṣọ rírán, tó bá sì di òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ìlù tibí á máa da ìlù tọ̀hún rú. Tiwa kò tóbi. Àga oníke la fi ń jókòó, jẹnẹrétọ̀ wa sì máa ń kú nígbà tí oníwàásù bá dé ibi tó dùn. Níbẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ṣe eré tí mò ń wí.

Ìtàn rẹ̀ nìyí ní ṣókí. Ọkùnrin kan ń wá iṣẹ́, rẹ́ǹtì ilé rẹ̀ sì ti pé. Pásítọ̀ inú eré sọ fún un pé Ọlọ́run ní kó gbé owó rẹ́ǹtì náà wá sórí pẹpẹ. Ìyàwó rẹ̀ ní rárá, níbo la máa sùn? Ọkùnrin náà gbọ́ràn sí pásítọ̀ lẹ́nu, ó kó owó lọ. Oṣó àdúgbò bá dìde sí i, pásítọ̀ kojú oṣó, èéfín sọ, oṣó ṣubú lulẹ̀, ó ń jẹ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà físà dé láti Kánádà. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì, gbogbo ìjọ orí ìtàgé sì bẹ́ sí ijó. Àwa òǹwòran pàtẹ́wọ́ títí. Èmi náà pàtẹ́wọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Ọmọkùnrin tó ṣe oṣó mọṣẹ́. Ọfọ̀ tó ń pè kì í ṣe àkọ́sórí lásán, ó mọ ibi tí ohùn ń lọ sókè àti ibi tó yẹ kó wálẹ̀. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú Yorùbá, n kò lè pe ìdajì rẹ̀ láìwo ìwé. Mo tún fẹ́ sọ ọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣì mí gbọ́: pásítọ̀ tiwa gan-an ò gba owó rẹ́ǹtì lọ́wọ́ ẹnì kan rí. Eré ni mò ń bá wí o, kì í ṣe òun.

Kì í ṣe òní ni ṣọ́ọ̀ṣì ti ń bí eré fún wa. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1944, ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, Hubert Ògúndé gbé eré rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ìjọ Aládùúrà kan ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta ló bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, kí wọ́n lè fi rówó kọ́ ilé ìsìn. Iṣẹ́ ọlọ́pàá ló ṣì ń ṣe nígbà yẹn. Kí sì ni eré náà dá lé? Ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run. Ẹ wò ó dáadáa: eré tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń tọ́ka sí bí ìbẹ̀rẹ̀ eré alárìnjò òde òní nílẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ìgbọràn àti àìgbọràn ni wọ́n fi ṣí i. Nítorí náà, ọmọ ìyá kan náà ni Ògúndé àti àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa.

Àárín ọ̀nà ni nǹkan ti yí. Ní ọdún 1985, Mike Bámilóyè dá Mount Zion sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, láti ìgbà náà sì ni eré ìgbàgbọ́ ti di ogun láàrin agbára méjì. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, tí mo bá bi yín pé kí ni orúkọ oṣó inú Agbára Ńlá, ẹnu kan náà lẹ máa fi dáhùn: Ìṣàwúrú! Orúkọ ajíhìnrere tó bá a jà ńkọ́? Mo ti bi ènìyàn mẹ́sàn-án nínú họ́sítẹ́ẹ̀lì, kò sẹ́ni tó rántí. N kò fi èyí bú Mount Zion, fíìmù wọn ló tọ́ mi dàgbà, mo sì ti sá bọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nítorí rẹ̀ rí. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú ìfìwàwẹ̀dá wa, ibi ti ní orúkọ, aṣọ, ohùn àti oríkì, ṣùgbọ́n oore ò ní ju "Ní orúkọ Jésù" lọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wo èdè, torí ibẹ̀ ni tèmi wà.

Kí là ń pè ní ìgbọràn? Ẹ tú u: gbọ́, ọ̀ràn. Ẹni tó gbọ́ràn ni ẹni tí ọ̀ràn wọ̀ létí. Àṣẹ nìkan kọ́ ló gbọ́, ó gbọ́ ọ̀ràn tó wà nídìí àṣẹ. Ọkùnrin inú eré wa kò gbọ́ ọ̀ràn kankan. Kò gbọ́ ti lánlọ́ọ̀dù tó ń kanlẹ̀kùn, kò gbọ́ ti ọmọ tó ń wúkọ́ lórí ẹní (ìran kan wà tí ọmọ náà ti wúkọ́ lóòótọ́, òǹkọ̀wé gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀). Bí ẹ bá bi mí, ìyàwó nìkan ló gbọ́ràn nínú eré náà látòkè délẹ̀, òun náà ni wọ́n sì ní kó kúnlẹ̀.

Èyí tó burú jù ni pé Bíbélì tí wọ́n gbé dání ń ta kò wọ́n. Ẹ lọ ka Sámúẹ́lì Kìíní orí 15. Sọ́ọ̀lù ọba kò ṣe ohun tí Ọlọ́run wí, ó wá fi àwọn ẹran tó sanra jù dípò, ó ní òun fẹ́ fi rúbọ. Sámúẹ́lì dá a lóhùn pé ẹbọ kò lè ṣe iṣẹ́ ìgbọràn. Nínú eré tiwa, wọ́n yí i padà pátápátá: ẹbọ gan-an ni wọ́n sọ di ìgbọràn. Ẹni tó bá gbé owó wá ti gbọ́ràn, ó parí. Sọ́ọ̀lù ì bá gbádùn eré yẹn gan-an ni.

Tí ẹ bá fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ gbígbọ́ yìí ṣe le tó, ẹ rántí Dúró Ládipọ̀. Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọ Áńgílíkà ni. Ní ọdún 1961, ó kọ orin eré Àjíǹde fún ṣọ́ọ̀ṣì All Saints ní Òṣogbo, ó sì kó ìlù ìbílẹ̀ wọ inú rẹ̀. Àwọn kan nínú ìjọ yarí: ìlù òrìṣà nínú ilé Ọlọ́run kẹ̀! Ládipọ̀ bá gbé iṣẹ́ rẹ̀ jáde síta. Ní 1962, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, nígbà tó di 1963, Ọba Kò So ti dé. Lónìí, ẹ wá sí Ṣáṣá lọ́jọ́ ìkórè, kí ẹ wá ka iye gángan tó ń fọhùn níwájú pẹpẹ. Wọ́n gbọ́ ìlù lọ́dún 1961, wọn ò gbọ́ràn tí ìlù ń sọ. Nígbà náà, ta ni ká pè ní aláìgbọràn? N kò ní dáhùn, ẹ̀yin náà lẹ́nu.

Mo tún fẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ kejì, àánú. Èyí ló kàn mí jù. Ẹ wo gírámà rẹ̀. A kì í sọ pé "mo nímọ̀lára àánú" bí àwọn atúmọ̀ fíìmù ṣe máa ń sọ ọ́ tí etí á fi máa yún wa. Yorùbá ní "àánú rẹ̀ ṣe mí." Nínú gbólóhùn yìí, àánú ni olùwà, èmi ni àbọ̀. Àánú ló ń ṣiṣẹ́, èmi kàn dúró gba iṣẹ́ ni. N kò tíì ṣe nǹkan kan o! Lẹ́yìn náà ni gbólóhùn kejì: "mo ṣàánú fún un." Níbí, mo ti di olùwà, ọwọ́ mi ti wọ̀ ọ́. Èrò tèmi ni pé gbogbo eré tó wà nínú ìgbàgbọ́ Kristẹni, àárín gbólóhùn méjì yìí ló wà. Ibẹ̀ náà sì ni àwọn òǹkọ̀wé wa kì í dé.

Ẹni tó dé ibẹ̀ ni Lúùkù, ní orí 10. Ẹ gbàgbé pé ẹ ti mọ ìtàn ará Samáríà láti kíláàsì ọmọdé, ẹ kà á bí òǹkọ̀wé. Ọkùnrin kan ń bọ̀ láti Jerúsálẹ́mù lọ sí Jẹ́ríkò, àwọn ọlọ́ṣà lù ú, wọ́n fi í sílẹ̀ láàyè díẹ̀. Àlùfáà kọjá. Ọmọ Léfì kọjá. Lúùkù kò fún ìkankan nínú wọn ní ọ̀rọ̀ sọ. Tó bá jẹ́ àwa ni, àlùfáà yẹn á ti gba máìkì! Ará Samáríà dé ní ẹsẹ 33, àánú sì ṣe é. Títí dé ibẹ̀, àbọ̀ lòun náà ṣì jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá ka ọ̀rọ̀-ìṣe tó wà nínú ẹsẹ 34 àti 35. Ó lọ bá a, ó di ọgbẹ́ rẹ̀, ó da òróró àti ọtí sí i, ó gbé e gun ẹran tirẹ̀ (ìyẹn ni pé òun fúnra rẹ̀ fẹsẹ̀ rìn), ó mú un dé ilé èrò, ó tọ́jú rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó yọ owó, ó sì ní tó bá ku nǹkan, òun á san án tí òun bá ń padà bọ̀. Kò sí èéfín, kò sí oṣó. Iṣẹ́ lásán ni, iṣẹ́ tó ń rẹni, tó sì ń náni lówó. Nígbà tí Jésù wá bi amòfin náà pé ta ló jẹ́ ọmọnìkejì fún ẹni tí wọ́n lù, ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti pe Samáríà. Ẹni tó ṣàánú fún un ló pè é. Ṣé ẹ rí i? Láti "àánú ṣe é" ní ẹsẹ 33 dé "ó ṣàánú" ní ẹsẹ 37, ìtàn ti parí. Ẹsẹ márùn-ún péré.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ka Theatre Arts ní ọ̀rọ̀ mi ò lè ṣiṣẹ́ lórí ìtàgé. Ó ní, "Ta ló fẹ́ jókòó wo obìnrin tó ń gbé kúlà kiri?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí kò mọ̀ pé òun ti dárúkọ ẹni tí mò ń rò.

Obìnrin kan wà ní ìjọ wa, Ìyá Ìbejì la máa ń pè é. Èlùbọ́ ló ń tà lọ́jà Ṣáṣá. Nígbà tí bàbá mi wà ní ọsibítù, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kúlà aláwọ̀ búlúù rẹ̀ fi ń wọ ilé wa. Kì í jókòó, kì í gbàdúrà gígùn. Á ní, "Màmá Ṣẹ̀yí, ẹ fún mi ní èyí àná, kí n lọ fọ̀ ọ́," á sì ti bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ Márúwá. Àwọn ìyá bíi tirẹ̀ ni ìjọ. Nínú eré ọjọ́ Àjíǹde, wọ́n fi òun náà sínú èrò ẹ̀yìn ìtàgé. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n fún un ni "Áà!" nígbà tí oṣó ṣubú.

Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ tèmi kí n tó pa ìwé dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó ní mo kàn ń fi ìka tọ́ka. Ní oṣù kejì ọdún yìí, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ara Ìyá Ìbejì ò yá. Àánú rẹ̀ ṣe mí gidi. Mo délé, mo kọ ewì fún un, ìlà 22, ó dára. Láti ojúlé wa dé tirẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. N kò lọ. Ìdánwò ń bọ̀, òjò fẹ́ rọ̀, mo ní gbogbo àwáwí tí àlùfáà yẹn náà ì bá ní ká ní Lúùkù fún un ní máìkì. Nígbà tí ara rẹ̀ yá tó padà wá, òun ló kọ́kọ́ bi mí pé báwo ni bàbá.

Ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ti ní kí n bá wọn kọ eré fún ìkórè ọdún yìí. Ìran kan ni mo ṣì kọ. Ilẹ̀ ti ṣú, iná ti lọ, obìnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú kúlà búlúù, ó ń kanlẹ̀kùn. Ọmọkùnrin kan wà nínú ilé, ó ń kọ̀wé lójú àbẹ́là. N kò tíì mọ ohun tí ọmọkùnrin náà máa ṣe.