Ìfẹ́-Ọkàn àti Alágbe: Àyẹ̀wò Òwe Gẹ̀ẹ́sì Kan

Òwe Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó gbajúmọ̀ lórí ìfẹ́-ọkàn ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò níhìn-ín: 'Ìbá ṣe pé ẹṣin ni ìfẹ́-ọkàn, alágbe ì bá máa gẹṣin.' Àlàyé tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé òwe náà ń kọ́ni ní iṣẹ́ ṣíṣe, nítorí pé ìfẹ́ lásán kì í mú nǹkan wá. Àlàyé yìí kò burú, ṣùgbọ́n kò tó.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìhun rẹ̀. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ sí 'Bí ìfẹ́-ọkàn bá jẹ́ ẹṣin, alágbe yóò gẹṣin', a ti ṣìnà, nítorí pé 'bí ... bá' fi àyè sílẹ̀ pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. 'Ì bá' ni ó yẹ, torí pé òwe náà kò retí pé alágbe yóò gẹṣin láéláé.

Èkejì ni ẹni tí òwe náà ń bá wí. Nínú àkójọ òwe ilẹ̀ Scotland tí James Carmichaell, ẹni tí ó kú ní 1628, fi sílẹ̀, tálákà ni a dárúkọ. Nínú ti James Kelly tí ó jáde ní 1721, alágbe ni. A kò lè torí àkójọ méjì péré sọ pé òwe náà yí padà láàárín ìgbà náà. Ẹ̀dà méjèèjì lè jọ wà lẹ́nu àwọn ènìyàn. Síbẹ̀, ti alágbe ni ó borí, ìyàtọ̀ náà kò sì kéré. Tálákà lè máa jí lọ sóko lójoojúmọ́ kí ó má sì ní ẹṣin. Bí a bá fi alágbe rọ́pò rẹ̀, ó di pé ẹnikẹ́ni tí kò ní, atọrọjẹ ni.

Ojú tí a fi ń wo alágbe nígbà náà le. Ní 1547, òfin ilẹ̀ England gbà kí a sọ alárìnkiri tí kò ṣiṣẹ́ di ẹrú fún ọdún méjì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò pẹ́ tí wọ́n fi pa òfin náà rẹ́. A kò sọ pé òwe ni ó bí òfin. Irú àwùjọ tí ó ń pa òwe náà ni a ń tọ́ka sí.

Ẹnìkan lè sọ pé ènìyàn lè pa á fún ara rẹ̀. Òtítọ́ ni, ìbáwí ara ẹni sì ni nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́ṣin bá pa á fún ẹni tí ń fẹsẹ̀ rìn, ẹ̀gàn ni.

Ní ìgúnlẹ̀, bí àwa olùtumọ̀ bá ń kọ irú òwe yìí sínú ìwé fún àwọn ọmọ ilé-ìwé, ó yẹ kí a sọ ẹni tí ń pa á àti ẹni tí a ń pa á fún. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọmọ tálákà yóò kọ́ ẹ̀gàn ara rẹ̀ sórí gẹ́gẹ́ bí ọgbọ́n.