Zhang Weili: Akin Obìnrin Tó Mọ Ìdìde

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí sùúrù ṣe ń di agbára, kó wo Zhang Weili, oníjà obìnrin ọmọ Ṣáínà tí wọ́n bí ní Hebei lọ́dún 1989. Kí òkìkí rẹ̀ tó kàn, ó ti ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó ti kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ó sì ti gbàlejò ní ilé ìdárayá kan ní Beijing.

Wọ́n borí rẹ̀ nínú ìjà tó kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ ṣe, lọ́dún 2013. Kò yẹsẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń ṣẹ́gun léraléra, títí ó fi gba bẹ́líìtì UFC (ìdíje ìjà àdàlù) lọ́wọ́ Jessica Andrade ní Shenzhen, ní oṣù kẹjọ 2019, láàárín ìṣẹ́jú-àáyá 42 péré. Òun ni ọmọ Ṣáínà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn.

Ìjà òun àti Joanna Jędrzejczyk ní Las Vegas, oṣù kẹta 2020, ni mo fẹ́ràn jù. Abala márùn-ún gbáko, ẹ̀ṣẹ́ ń rọ̀ bí òjò, kò sẹ́ni tó sá. Zhang ló borí.

Lọ́dún 2021, Rose Namajunas gba oyè náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tún nà án lẹ́ẹ̀kejì. Zhang padà sẹ́nu ẹ̀kọ́, ó tẹra mọ́ ìjàkadì. Nígbà tó di 2022, ní New York, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ́ ló fi gba oyè rẹ̀ padà: ó fi apá fún Carla Esparza, tí oyè náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn, lọ́rùn títí ìyẹn fi túúbá.

Ohun tí mo yìn jù nìyẹn: ọ̀gá tó gbà láti tún di ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́.