Áńtẹ́nà Ayíhùnpadà: Kí Ni Wọ́n Ń Wọ̀n?

Ní Kuntunse, nítòsí ìlú Accra, áńtẹ́nà kan wà tí ìbú ẹnu rẹ̀ tó mítà 32. Ọdún 1981 ni wọ́n kọ́ ọ láti máa bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀. Nígbà tí okùn abẹ́ òkun gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn onímọ̀ Gánà àti ti Gúúsù Áfíríkà fi agbàgbì tuntun sí i, ó sì di awò ojú ọ̀run tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017. Fíríkúẹ́ńsì, ìyẹn iye ìgbà tí ìgbì ń mì ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, ti yàtọ̀, ṣùgbọ́n abọ́ irin náà kò kúrò lójú kan. Abọ́ kì í ṣa ìgbì. Ó kàn ń kó wọn jọ ni.

Áńtẹ́nà inú fóònù kò ní irú oore-ọ̀fẹ́ bẹ́ẹ̀. Gígùn rẹ̀ gan-an ni ohùn rẹ̀. Ní ọdún 2014, 4G bẹ̀rẹ̀ ní Accra lórí 2600 MHz; ní ọdún 2015, MTN ra àyè lórí 800 MHz. Ìdá mẹ́rin ìgbì àkọ́kọ́ kò ju bí sẹ̀ǹtímítà 3 lọ, ti èkejì sì lé ní 9. Fóònù kan náà ni yóò gba méjèèjì, pẹ̀lú 900, 1800 àti 2100 tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ tí àwọn onímọ̀ ń dábàá ni áńtẹ́nà kékeré tí a lè yí fíríkúẹ́ńsì rẹ̀ padà. Dáyódù kan yóò so irin kan mọ́ òmíràn tàbí kí ó já wọn. Òmíràn yóò máa fún un tàbí dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí onídùndún ṣe ń ṣe ọṣán. Olùkọ́ èdè lè pè é ní ayíhùnpadà, orúkọ náà yóò sì bá a mu. Àmọ́ ohùn lè yí padà kí ó má sì dún jáde. Ibí yìí ni àléébù ọ̀pọ̀ ìwé ìwádìí lórí rẹ̀ wà.

Ẹ̀rí tí wọ́n sábà ń gbé síwájú ni iye agbára tí áńtẹ́nà dá padà sí ẹ̀yìn. Bí kò bá ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ, ó yege nìyẹn. Ṣùgbọ́n agbára tí kò padà lè má jáde. Ó lè di ooru nínú dáyódù náà. Ẹ fi rẹ̀sísítọ̀ tó bá okùn mu rọ́pò áńtẹ́nà: kò ní dá nǹkan kan padà, kò sì ní ránṣẹ́ kankan. Ìdánwò yìí yóò fún un ní máàkì tó pé! Wheeler ní 1947 àti Chu ní 1948 ti fi hàn pé bí áńtẹ́nà bá ti kéré sí ìgbì rẹ̀, ìwọ̀n ìgbì tí ó lè gbà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ń dínkù kíákíá. Ẹni tó bá ní òun rí méjèèjì gbà, ẹ béèrè ibi tí agbára lọ.

Ọ̀rọ̀ náà “kékeré” gan-an gba àyẹ̀wò. Irin tí ó wà lókè nìkan ni wọ́n sábà ń wọ̀n. Pátákó irin ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó fẹ̀ jù ú lọ, kì í wọ ìṣirò, bẹ́ẹ̀ ní 800 MHz pátákó yìí ni ó ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Inú yàrá tí kò ní ìgbohùnpadà ni wọ́n tún ti ń dán an wò. Ní ọjà Makola, ọwọ́ àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹni tó ń nájà ni ó bo fóònù náà, àwọn méjèèjì sì ń fa agbára mu. Ohun tó ṣẹ́ kù tó jáde lẹ́yìn ìyẹn kì í sábà sí nínú tábìlì àbájáde.